Ìyá Onígàrí Inú Géèmù

Olúbọ̀dé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ó tó rántí pé tẹlifíṣọ̀n ni. Àyà rẹ̀ kan símẹ́ǹtì tútù, pádì géèmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fò lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, fìlà rẹ̀ sì yí lọ bá ẹsẹ̀ Dásọ́lá tó jókòó létí ògiri. "Ẹ kú ilé o, Ìyá mi." Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ tán. Ọkàn rẹ̀ ni kò tíì bá a dé ibẹ̀.

Ilé géèmù Anwar ní Ìlọrá dákẹ́ rọ́rọ́. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń kùn lẹ́yìnkùlé. Nínú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìdajì ògiri, ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí nídìí agbada, ó ń fi àfọ́ igbá yan gàrí. Èéfín ń bo ojú rẹ̀, ó tún ń ṣí i. Aṣọ àdìrẹ tó fi wérí, ẹsẹ̀ òsì tó nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí orúnkún tó ń dùn ún, bó ṣe ń fi eyín tẹ ètè ìsàlẹ̀ nígbà tí iná bá fẹ́ pọ̀ jù: kò sí èyí tí Olúbọ̀dé kò mọ̀ nínú wọn. Ìyá tó bí i lọ́mọ ni. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti sin ín ní Fìdítì, òun gan-an ló sì kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Ìyá náà kò gbójú sókè. Ọmọ rẹ̀ nà gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Àfọ́ igbá rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

Dásọ́lá bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí ojú àgbàlagbà náà, ẹ̀rín ọ̀hún kú sí i lẹ́nu.

"Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ yẹn, sà," Ìníolúwa ọmọ rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. "Wọn ò lè rí yín bẹ́ẹ̀ yẹn."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn mọ́, kò sí ohun tó fi hàn pé ọjọ́ náà yóò gbé e dé ibi tí yóò ti dọ̀bálẹ̀ fún àwòrán. Ó jí nínú yàrá tó kọjú sí títì ní ilé ìyá rẹ̀ ní Fìdítì, ó gbọ́ tí àwọn onímọ́tò ń pe èrò Ìbàdàn, ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń gbálẹ̀ àgbàlá. Omi gbígbóná rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe yọjú, Ìníolúwa fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa, sà?"

Sà. Láti ọ̀sẹ̀ méjì tí Olúbọ̀dé ti dé láti òkè ọya ni 'sà' yìí kò ti kúrò lẹ́nu ọmọ náà, bí ẹni tó ń kí ọ̀gá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ọ́fíìsì wọn. Kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, òun ló sì ń tọ́jú ilé náà láti ìgbà tí ìyá àgbà ti kú. Yàrá tó dára jù ló fún Olúbọ̀dé. Ẹran tó tóbi jù, nínú abọ́ Olúbọ̀dé ló wà. Kò sí ibi tí èèyàn ti lè mú un pé ó ṣẹ̀, èyí gan-an ló sì ń jẹ bàbá rẹ̀ lọ́kàn. Ọmọ tó bá ń bínú sí ọ, ohun kan wà tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Èyí tó ń pọn omi ìwẹ̀ fún ọ bí àlejò, kí ló fẹ́ gbà?

Ilé iṣẹ́ òwú ló gbé Olúbọ̀dé lọ sí Gúsáú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rákòrò. Ìbíyẹmí, ìyá ọmọ, ti kú, ìyá Olúbọ̀dé ló sì gba ọmọ sẹ́yìn. Ọdún méjì péré ni òun fẹ́ lò. Àmọ́ ọdún méjì a máa di márùn-ún, márùn-ún a sì máa di ìgbà tí ènìyàn kò kà mọ́. Ó ń wá ní gbogbo Kérésì. Nígbà tó yá, ó ń wá nígbà tó bá rọrùn. Nígbà tí ọ̀nà òkè ọya wá di ọ̀nà àwọn ajínigbé, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sọ pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Ilé iṣẹ́ òwú kógbá sílé. Ó ń bá àwọn ènìyàn tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Ó wálé sin ìyá rẹ̀, ó sì padà kí omijé tó gbẹ lójú àwọn ará ilé.

Ó wá dé báyìí. Wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Wọn kò sọ ohun tí èèyàn yóò ṣe bí ilé bá ti kọ́ bí a ti ń gbé láìsí i.

Yàrá rẹ̀ ní Gúsáú ṣì wà níbẹ̀, Sìrájù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá a ṣọ́ ọ. Ó ti pinnu nínú ara rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ òun àti ọmọ yìí bá wà báyìí títí di òpin ọ̀sẹ̀, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun yóò gbé báàgì òun, òun yóò dúpẹ́, òun yóò máa lọ. Kò ní fi ìbínú lọ. Àgbàlagbà kì í fi ipá wọ ọkàn ọmọ rẹ̀.

Àfi bó ṣe di alẹ́ Jímọ̀ tí Ìníolúwa gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tó dúró díẹ̀, tó ní, "Tí ẹ bá ráyè lọ́la, sà, ẹ bá mi dé Ìlọrá. Géèmù kan wà tí mo ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ wò ó."

Géèmù! Ọkàn Olúbọ̀dé fò sókè. Bí ohun kan bá wà láàárín àwọn méjèèjì rí, géèmù ni. Kérésì kan tí ọmọ náà ṣì kéré, ó ra àpótí géèmù aláwọ̀ eérú kan wá láti Kánò, olókùn, oní-pádì méjì, tòun ti kásẹ́ẹ̀tì kan. Gbogbo ọjọ́ ọdún náà, orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí, ọmọ ń pariwo "Bàámi, ẹ fò! Ẹ fò, Bàámi!" ìyá àgbà sì ń bú àwọn méjèèjì pé wọ́n fẹ́ fi iná mànàmáná jó ilé òun.

Òun náà kì í sì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nídìí rẹ̀. Kó tó di pé ó lọ sókè ọya, nígbà tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nasrullah ṣí ilé géèmù sí ẹ̀yìn gáréèjì ní Ìlọrá, tẹlifíṣọ̀n dúdú-òun-funfun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ fún gbogbo ọ̀dọ́ àdúgbò. Òfin ilé náà kò ju ẹyọ kan lọ: kú, kó o dìde. Ẹni tí ènìyàn inú géèmù rẹ̀ bá ti kú, kíá ni yóò gbé pádì fún ẹni tó kàn. Olúbọ̀dé kì í tètè kú. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Àìkú. Ìgbà mìíràn, wọ́n á rọ̀gbà yí i ká, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Àìkú, jọ̀ọ́, kú díẹ̀ fún wa."

Ọkùnrin kúkúrú kan ló ń sáré nínú géèmù ọ̀hún, apá ọ̀tún nìkan ló sì mọ̀ ọ́n lọ. Bó bá ti kọjá igi kan, igi náà lọ nìyẹn. Ògiri kan tí ojú kò rí ń tì í lẹ́yìn bọ̀. Aago ń kà sẹ́yìn lókè orí rẹ̀. Ibi yòówù kó dé, bí NEPA bá mú iná, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìníolúwa kékeré ló bi í léèrè lórí ẹní lọ́jọ́ kan pé, "Bàámi, tó bá gbàgbé nǹkan sẹ́yìn ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó ní, "Kì í gbàgbé nǹkan. Iwájú ló ń lọ."

Ariwo ni Olúbọ̀dé rò pé òun yóò kọ́kọ́ bá ní ilé géèmù Anwar. Ó ti ń múra sílẹ̀ fún un bí ọkọ̀ ti ń gbé wọn kọjá Akínmọ̀ọ́rìn, ó ń rántí òórùn òógùn, ìkúùkù, èébú, ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n ń kọ́ ẹnì kan ṣoṣo bí yóò ti fò. Ibi ìjọsìn tí wọ́n ti ń gba àdúrà ìdákẹ́jẹ́ ló bá. Àwọn géńdé jókòó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, írípíìsì gbàǹgbà bo etí wọn. Ọ̀kan ń fi èdè òyìnbó bú ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀.

"Ta ló ń bá jà?" ó bi Anwar, ẹni tó ni ilé náà, tí òun àti Ìníolúwa jọ jáde ilé ìwé.

"Ọkùnrin kan ní Bràsíìlì ni, Bàbá."

"Bràsíìlì! Ẹni tó jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn? Wọn ò mọ ara wọn."

Kò tíì gbé èyí mì tán nígbà tó rí i tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé lójú tẹlifíṣọ̀n kejì. Ẹni tó gbá a sáré lọ sígun pápá, ó ń bọ́ ẹ̀wù, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ le. Olúbọ̀dé pàtẹ́wọ́. "Ó kàn án! Ìdíje wo nìyí? Ta ló ń bá ta gbá?"

Ilé rẹ́rìn-ín. Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù ni Dásọ́lá, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kì í fi Sátidé rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. "Géèmù ni, Bàbá! Èmi ni mo gbá a wọlé."

Olúbọ̀dé sún mọ́ ọn. Ó wo òógùn náà. Ó wo Dásọ́lá. Kò sí òógùn lára Dásọ́lá.

"Háà," ó wí.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti jẹ́ ọ̀gá nídìí ti àtijọ́," Dásọ́lá wí, ó ń tọ́ ọ níjà. "Èyí tí ènìyàn inú rẹ̀ dà bí ṣúgà oníhóró tí wọ́n tò lérí ara wọn."

"Ṣúgà yẹn ló kọ́ wa ní sùúrù, ọmọ mi. Ẹ̀mí mẹ́ta péré ni. Ó tán, ó tán nìyẹn. Tiyín rèé, mo rí ọ̀gbẹ́ni yẹn, wọ́n yìnbọn lù ú, ó ṣubú, ó tún dìde níbẹ̀ bí ẹni tó sùn gbàgbé ara rẹ̀."

"Géèmù ti fi ibi tó dé pamọ́ fún un ni, sà. Ta ló fẹ́ máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́?"

"Ẹ̀yin ò kú, ẹ ò sì dìde fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi di etí. Ní tiwa, bó o bá kú, ẹni tí yóò gba pádì lọ́wọ́ rẹ ti gbé ọwọ́ lé ọ léjìká tipẹ́."

"Tíṣà, wọ́n ti nà ọ́," Anwar wí.

"Wọn ò nà mí o. Orí ṣúgà ni wọ́n ṣì jókòó sí."

Olúbọ̀dé rẹ́rìn-ín dénú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó yíjú wò bóyá Ìníolúwa náà ń rẹ́rìn-ín. Ìníolúwa ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n tó tóbi jù, ó ń so okùn mọ́ okùn. Nígbà tó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé pádì fún un.

"Ẹ má ronú pé ẹ fẹ́ borí, sà. Ẹ ṣáà máa rìn."

Ó ń rìn. Títì kan ló kọ́kọ́ rí, títì olódà tó ti yọ ihò, igbó tútù lápá méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló rí ọsàn tí wọ́n kó lé orí tábìlì onípákó létí ọ̀nà ní òkìtì-òkìtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tó rẹwà jù lókè. Afẹ́fẹ́ fẹ́, eruku pupa dìde, ó tún rọra balẹ̀. Fìdítì nìyí. Kì í ṣe ìlú tó jọ Fìdítì. Páànù tó dípẹtà lórí ilé alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, kànga tí wọ́n ti dí wà níbẹ̀.

"Ibo ni ọ̀tá wà?" ó béèrè, nítorí ohùn òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́.

"Kò tíì sí ní apá ibí, sà."

Ó kọjá igi ọsàn kan. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ ìgbà àtijọ́, ọ̀tún ló ń tì í lọ, títí ó fi kọ lu ọgbà ẹnì kan, tó ń rìn sójú kan bí àgbò tó ń kan ògiri.

"Ẹ lè yí padà," Ìníolúwa wí.

"Yí padà báwo?"

"Ẹ yí i sẹ́yìn, sà. Ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀."

Ó yí i. Ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀. Igi ọsàn tó ti kọjá ṣì dúró síbi tó wà, ewé rẹ̀ ń mì. Ó fi ẹsẹ̀ tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n rìn padà dé ìdí rẹ̀, ó dúró, ó wo òkè. Igi ẹnu ọ̀nà wọn ni, èyí tí wọ́n gé nígbà tí wọ́n ń fẹ títì lójú. Ó ti pẹ́ láyé, ó ti rí bí wọ́n ti ń ya òwú kúrò lára kóró rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá, ó ti gun ọkọ̀ ojú irin, ó ti bá ènìyàn tó wà ní Mẹ́kà sọ̀rọ̀ nínú fóònù. Kò sí èyí tó bà á lẹ́rù tó igi yìí.

"Ẹ wọlé, Bàbá," Dásọ́lá ké láti ẹ̀yìn. "Àmọ́ kí ẹ kí onílé o! Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń pòfo. Àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n bá ti wọlé, ìkòkò ni wọ́n á máa fọ́ kiri, wọ́n á ní àwọn ń wá wúrà. Màmá ò ní dá wọn lóhùn, ilẹ̀ ìbáà ṣú. A kì í ṣáà wọlé àgbà bí ewúrẹ́."

Màmá wo? Ó fẹ́ béèrè. Àmọ́ ọkùnrin inú géèmù ti ti ilẹ̀kùn onípákó náà, ilẹ̀kùn sì dún bó ṣe máa ń dún, ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sí àgbàlá, sórí agbada, sórí àdìrẹ, sórí ẹsẹ̀ òsì tó nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bó ṣe di ẹni tó dọ̀bálẹ̀ nìyẹn.

Anwar ló bá a yọ pádì lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Orúnkún Olúbọ̀dé dún bó ṣe ń dìde. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó wá bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n sì nà sílẹ̀ tónítóní, láìsí ìrora, láìsí fìlà tó yí lọ.

Àfọ́ igbá dúró. Ìyá arúgbó náà gbójú sókè. Ó wúkọ́ díẹ̀, irú ikọ́ èéfín tó ti ń wú láti ìgbà tí Olúbọ̀dé ti ń mu ọmú.

"Ta nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ ni. Kì í ṣe ohùn tó jọ ọ́. "Àdìgún? Àdìgún, ìwọ nìyẹn?"

Kò sí ẹni tó ń fi oríkì náà pe Olúbọ̀dé mọ́ láyé. Ẹni tó ń pè é ti lọ. Ó fi pádì sílẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ta lọ́wọ́, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ohun tó wà lójú rẹ̀ sì jẹ́ kí Anwar fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Ẹ fi ìyá mi ṣeré?"

Ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n.

"Mo ní, ẹ fi ìyá mi ṣeré? Òkú ọ̀run! Ẹ gbé e wá síbi tí àwọn ọmọ ìta yóò ti máa fọ́ ìkòkò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù," Anwar bẹ̀rẹ̀.

"Jẹ́ kí n sọ ọ́, Anwar." Ìníolúwa kò gbé ohùn sókè. Ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. "Màmá fúnra wọn ló gbà, sà. Nínú ọyẹ́ tí wọ́n lò kẹ́yìn ni. Mo gbé fóònù tì wọ́n nídìí agbada. Mo ní, 'Màmá, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀.' Wọ́n ní, 'Ta ló wọlé?' Mo ní ẹnikẹ́ni ṣáà ni. Wọ́n ní àwọn ò mọ ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu Dásọ́lá, ó fi ọwọ́ bò ó.

"Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá Àdìgún sọ̀rọ̀. Mo ní, 'Màmá, ẹ pe orúkọ mìíràn, gbogbo ayé ló máa gbọ́ ọ.' Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, 'Ta ló tún kù tó ń bọ̀?'"

Olúbọ̀dé wá bẹ́ǹṣì, ó jókòó.

"Èmi náà, Àdìgún ni mí níbẹ̀," Anwar wí, ó fẹ́ tu ilé lára. "Tíṣà yìí tó jẹ́ obìnrin, Àdìgún ni. Ará Bràsíìlì yẹn bá wa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan. Bí Màmá ṣe pe òun náà ní Àdìgún, ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. A ò mọ ohun tí a máa sọ fún un."

Olúbọ̀dé kò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbìyànjú láti rí i lọ́kàn: géńdé tí kò mọ Fìdítì, ní ìlú tí òun kò lè pe orúkọ rẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn, tí ìyá òun sì gbójú sókè tayọ̀tayọ̀, nítorí pé gbogbo ẹsẹ̀ tó bá wọlé, tòun ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ti jókòó síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni yóò jókòó.

Nínú tẹlifíṣọ̀n, ìyá rẹ̀ ti tún mú àfọ́ igbá rẹ̀. "O rù," ó ń wí. "Wọn ò fún ọ jẹun níbẹ̀ ni?" Ó yan gàrí lọ díẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó bi í ní ìbéèrè tí kò bi í rí láyé, bóyá nítorí pé ẹ̀rù èsì rẹ̀ bà á. "Àdìgún, ṣé o dé tán ni, àbí o tún ń lọ?"

Èsì méjì yọ nísàlẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. *Mo dé tán. Mo tún ń lọ.*

Ojú Olúbọ̀dé lọ sókè tẹlifíṣọ̀n láti wá aago.

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kó tó tán?"

"Kí ni, sà?"

"Àkókò. Àkókò tí mo ní."

"Kò ní àkókò," Ìníolúwa wí. "Wọ́n á máa dúró ni."

Ó wo ìyá rẹ̀ tó ń dúró. Nínú géèmù tòun, bí aago bá tán, ìwọ náà tán. A ò rí ẹni tó fi ìfẹ́ dúró dè ọ́ rí. Kò mọ̀ pé ohun tí kò ní aago nínú lè le ju ohun tó ní lọ.

"Kí ni àwọn ènìyàn máa ń tẹ̀?" ó bi Anwar.

"Mo tún ń lọ ni gbogbo wa ń tẹ̀, Bàbá. Ìta ni géèmù wà. Igbó wà níbẹ̀, ọjà wà, ogun wà. Tí ẹ bá ní ẹ dé tán, ó parí nìyẹn."

"Kò sẹ́ni tó tẹ ìkejì rí?"

"Ta ló máa tẹ̀ ẹ́?" Dásọ́lá wí. "Ẹni tí kò tíì ṣeré rárá?"

Anwar yí ojú sí Ìníolúwa. "Kí n má purọ́, èmi gan-an ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Òun nìkan ló dá ibẹ̀ ṣe. Ó ní kí n má ṣí i."

Ìníolúwa ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè wà níwájú, ọkọ̀ òkè ọya wà ní gáréèjì. Olúbọ̀dé mọ̀ pé eré ni. Ó mọ̀ pé kò sí ohun tí bọ́tìnnì lè ṣe fún ẹni tó wà nínú ilẹ̀ pupa ní Fìdítì. Síbẹ̀, bí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń lọ sí apá òsì, ó dà bí ẹni pé òkúta ló ń gbé. Ó tẹ̀ ẹ́.

*Mo dé tán.*

Fèrè kò dún. Iná aláràbarà kò bú jáde bí ìgbà tí ọkùnrin kúkúrú ayé àtijọ́ bá dé ibi tó ń lọ. Ìyá rẹ̀ kàn mí èémí, èémí tó gùn. "Ó dáa," ó ní. Ó fa igi kan kúrò nínú iná. Ó bu gàrí gbígbóná díẹ̀ sínú ọmọrí ìkòkò, ó gbé e sílẹ̀ lápá ibi tí ọkùnrin náà wà. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí aṣọ ìkélé olódòdó kan wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o! Wá kí bàbá rẹ."

Oríkì tí ìyá àgbà fi ń pe Ìníolúwa ni. Aṣọ ìkélé mì. Ohun gbogbo tó wà nínú ilé géèmù náà dúró. Àwọn géńdé ti ṣí etí wọn, wọ́n ti yí àga wọn padà láìsí ẹni tó pè wọ́n. Olúbọ̀dé tẹ ara síwájú. Ó ń retí ẹsẹ̀ kékeré nísàlẹ̀ aṣọ náà. Afẹ́fẹ́ gbé aṣọ, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó jáde.

"Àwẹ̀ró o! Wá kí bàbá rẹ."

Ohùn kan náà ni, pẹ̀lú ikọ́ kan náà ní òpin rẹ̀. Aṣọ ìkélé tún mì. Yàrá náà ṣókùnkùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ó ti há ni?" Dásọ́lá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kò há," Ìníolúwa wí.

Ìyá náà pe ọmọ nígbà mìíràn sí i, kò bínú, kò kánjú, kí Olúbọ̀dé tó lè la ẹnu. "Kí ló dé tí ọmọ náà kò jáde?"

Ìníolúwa tẹjú mọ́ aṣọ ìkélé náà. "Mi ò tíì ṣe é. Mo ti ṣe gbogbo ilé yẹn tán, títí dé aláǹgbá tó wà lára ògiri. Ìgbàkígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn…" Ohùn náà já, ó tún so ara rẹ̀ pọ̀. "Mi ò mọ irú ojú tó máa gbé jáde."

Olúbọ̀dé gbé pádì lé itan. Ní gbogbo ọdún tó fi ń ronú àtidé, ẹnu ọ̀nà ìta ló máa ń rí: ẹsẹ̀ tirẹ̀ lórí pèpéle, ẹrù tirẹ̀, ohun tí òun yóò kọ́kọ́ sọ. Ó ti rò pé ẹni tó ń bọ̀ ni wàhálà bá. Kò tíì rò ó rí pé ẹnì kan wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí wọ́n ń pè, tí wọ́n ń pè, tó dúró sínú òkùnkùn pẹ̀lú ọwọ́ lórí aṣọ, tó ń wá ojú tí yóò fi bá ọkùnrin kan pàdé. Òun náà, bí wọ́n bá ní kí òun ya ọmọ náà báyìí, kò mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí lọ. Lẹ́yìn Olúbọ̀dé, lórí símẹ́ǹtì, ó gbọ́ tí Ìníolúwa gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, tó dúró. Kò wẹ̀yìn. Bí ẹyẹ bá ń wá ibi tí yóò bà, ẹni tó jókòó lábẹ́ igi kì í mira.